Ọwọ́ Tí Kò Ní Orí: Àríwísí Kan Lórí Fọ́tò Yíyà ní Ìbàdàn Àtijọ́

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn ni àwa mọ́kànlá kan, akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ pa pọ̀, ti ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Bẹẹrẹ, láti máa yẹ fọ́tò ara wa wò. Òfin wa kò pọ̀. Ní ìparí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan nínú wa yóò dá orí-ọ̀rọ̀ kan, tí kì í ju ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lọ: "Òjìji," "Ẹnu ọ̀nà," "Omi." Olúkúlùkù yóò lo ọ̀sẹ̀ kan láti wá fọ́tò kan ṣoṣo tí ó bá orí-ọ̀rọ̀ náà mu, ó sì gbọ́dọ̀ yà á láàrin Ìbàdàn àtijọ́: láti Bẹẹrẹ gòkè lọ sí Mápó, láti Mápó sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba, ọjà Ìbà Olúyọ̀lé, kí ó sì wọ agboolé Bẹ́yẹrúnkà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gbà á. Ẹ̀rọ yòówù kí ó lò, ìbáà ṣe kámẹ́rà gidi tàbí fóònù àpò, fọ́tò náà gbọ́dọ̀ di títẹ̀ sórí bébà kí ó tó dé iwájú wa, nítorí ohun tí a bá fi ọwọ́ mú ni ojú ẹni máa ń pẹ́ lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó wí tẹnu wa.

Wíwí tẹnu ẹni yìí gan-an ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ni irú ìdánwò ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ayafọ́tò ilẹ̀ òkèèrè a máa fún ara wọn ní orí-ọ̀rọ̀ 52 fún ọ̀sẹ̀ 52 tí ó wà nínú ọdún. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, àwọn ọ̀dọ́ ayafọ́tò kan tí wọ́n bá ara wọn pàdé níbi àfihàn ńlá ti Bamako ní ọdún 2001, tí Kelechi Amadi-Obi, Uche James-Iroha àti Amaize Ojeikere wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ Depth of Field sílẹ̀, wọ́n sì ń gbé iṣẹ́ wọn síwájú ara wọn fún àríwísí. Ohun tí ó jẹ mí lógún ni èyí: nígbà tí ọmọ Yorùbá bá jókòó ti fọ́tò tí ọmọ Yorùbá yà, tí ẹni tí ó wà nínú fọ́tò náà sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ kí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde? Ta ni ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò so èso kankan. "Ó dára." "Ó wuyì púpọ̀." "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá." Kò sí ẹni tí kò rí i pé fọ́tò kan wọ́, tàbí pé òmíràn ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè wo ojú olùkọ́ rẹ̀ kí ó ní iṣẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Olùkọ́ pẹ̀lú ń ṣọ́ra kí ó má baà dà bí ẹni tí ó ń máàkì ìwé ìdánwò ní ọjọ́ Sátidé. A bí wa ire, a kọ́ wa nílé, ẹ̀kọ́ ilé náà sì fẹ́ pa iṣẹ́ náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ọmọbìnrin tí ó kéré jù nínú wa dá a lábàá pé kí a da ojú gbogbo fọ́tò dé sórí tábìlì, kí a pò wọ́n pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ti ẹnìkan. Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ nípa fọ́tò tèmi, èyí tí mo yà ní iwájú gbọ̀ngàn Mápó tí mo sì ti ń fi yangàn nínú ara mi, ni pé: "Ẹni tí ó ya èyí, òpó ni ó rí; kò rí ènìyàn tí ó jókòó sí ìdí òpó." Mo wò ó dáadáa. Lóòótọ́ ni. Arákùnrin kan jókòó níbẹ̀, mo sì ti gé e ní agbedeméjì. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929 ni mo ń wò. N kò wo ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí mo lọ.

Ẹ jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ "Òrùlé," nítorí ibẹ̀ ni a ti rí ewu tí ó wà nínú orí-ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti ka ewì kúkúrú tí J. P. Clark kọ nípa Ìbàdàn nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, a sì ti kọ́ láti máa wo ìlú náà láti òkèèrè, gbogbo òrùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mẹ́sàn-án nínú fọ́tò mọ́kànlá ọjọ́ náà ni ó jẹ́ ọ̀kan náà: páànù tí ó ti dógùn-ún, pupa rẹ́súrẹ́sú, láti ẹsẹ̀ òkè Mápó títí dé ibi tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan dúró ní Mápó. Àwọn kan lọ sí Òkè Àárẹ̀, wọ́n gun ilé-ìṣọ́ Bower, èyí tí a kọ́ ní 1936 tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo. Mo gbà pé wọ́n dùn ún wò. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ya púpọ̀ nínú wọn, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí páànù ń tàn bí idẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan nínú wọn tí ènìyàn lè nàka sí pé ilé lágbájá nìyí. Ìbàdàn tí a tẹ̀ dó bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829, tí ọ̀pọ̀ agboolé rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ jagunjagun títí di òní, ti di aṣọ kan ṣoṣo tí a tẹ́ fún àlejò láti wò.

Fọ́tò kẹwàá ni ó jí wa lójú oorun. Inú yàrá ni ẹni tí ó yà á wà, ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrúnkà, ó sì kọ ojú kámẹ́rà sókè. Òkùnkùn ni gbogbo rẹ̀, àfi ihò wẹ́wẹ́ inú páànù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé; ní ìsàlẹ̀, etí abọ́ ìwẹ̀ kan yọ díẹ̀, èyí tí wọ́n gbé ka orí bẹ́ẹ̀dì nítorí òjò. Fọ́tò náà kò mọ́lẹ̀ tó, ọwọ́ ẹni tí ó yà á sì gbọ̀n. Àwọn mẹ́rin ni ó wí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni wọ́n sì wí. Síbẹ̀ èmi yóò mú un ju àwọn mẹ́sàn-án yòókù lọ, nítorí òun nìkan ni ó mọ ohun tí òrùlé wà fún. Fọ́tò kọkànlá jẹ́ ti káfíńtà kan tí ó ń kan páànù; ó ṣe déédéé, n kò ní nǹkan láti sọ sí i.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀ tí ó ju "ó dára" lọ. A kò sì ní láti lọ jìnnà. Ní 1973 ni Robert Farris Thompson, ará Amẹ́ríkà kan, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí bí Yorùbá ti ń ṣe àríwísí iṣẹ́ ọnà. Ó ti rìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ó gbé ère síwájú àwọn ènìyàn, ó sì ń bi wọ́n pé èwo ni ó dára jù, àti pé kí ni ìdí rẹ̀. Ìdáhùn wọn kún fún ọ̀rọ̀: jíjọra, ìfarahàn, dídán, gígún, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Rowland Abiodun náà, tí ó ti ṣe olùkọ́ ní Ifẹ̀, ti kọ̀wé lórí ojú-inú, ojú-ọnà àti ìfarabalẹ̀. Ère ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ nígbà tí a gbé wọn ka orí tábìlì wa.

Ẹ mú dídán. Púpọ̀ nínú fóònù òde òní ni ó ń fọ ojú ènìyàn kí ẹni tí ó ni ojú tó mọ̀: a sọ awọ di funfun ju bí ó ti yẹ lọ, a sì pa gbogbo ìlà ojú rẹ́. Ẹnìkan nínú wa gbé fọ́tò bàbá alágbẹ̀dẹ kan wá bẹ́ẹ̀, ojú bàbá náà ń yọ̀ bí àwo tánganran. Ọ̀kan ní, "Ó mà ń dán o." Òmíràn dá a lóhùn pé kì í ṣe dídán nìyẹn. Ó ní nígbà tí agbẹ́gilére bá sọ pé iṣẹ́ òun dán, ohun tí ó ń wí ni pé òun ti fá igi náà dé ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti lè máa bá ara wọn ṣeré lára rẹ̀. Níbi tí a bá ti lé òjìji lọ, dídán kò sí mọ́, fífọ̀ ni ó kù. Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ni, n kò tíì gbọ́ ẹni tí ó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ni fọ́tò náà padà lọ sí ilé arọ, ó pa ohun tí ń fọ ojú nínú fóònù rẹ̀, ó gbé bàbá jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé. Nínú fọ́tò kejì yìí, bàbá náà dúdú, ó sì dán.

Jíjọra ni ó le jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, òun ni ó sì gbé wa dé ibi tí a kò rò. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà mìíràn, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní 1978 lórí bí Yorùbá ti ń ya fọ́tò. Ó ti ṣe ìwádìí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ó ṣàkíyèsí pé fọ́tò àgbà ní ìlànà lọ́dọ̀ wa: àgbà jókòó tààrà, ó dojú kọ kámẹ́rà, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ rẹ̀ fẹ̀ kún inú fọ́tò, a kò sì gé e níbì kankan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọ pálọ̀ agboolé kan ní Ìbàdàn ti rí irú fọ́tò yìí lára ògiri. Ó tún kọ nípa ìbejì tí ọ̀kan kú: onífọ́tò a ya èyí tí ó ṣẹ́kù, a tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Kò sí ẹni tí a tàn jẹ nínú ilé náà. Babatunde Lawal pẹ̀lú, nínú ohun tí ó kọ ní 2001, tú ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí ohun tí a ń wò láti fi rántí.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan wà tí a máa ń fò dá. Ẹni tí ó wá ya fọ́tò ni ó ń ṣe àríwísí rẹ̀. Òun ni ó sanwó. Bí ìyá àgbà kan bá dé ilé onífọ́tò tí ó sì rí i pé fọ́tò náà kò jọ òun, yóò kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́ ọnà. Àwa tí a ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bẹẹrẹ ti yọ adájọ́ yẹn kúrò, a sì ti fi ara wa rọ́pò rẹ̀. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe títí di ọ̀sẹ̀ "Ọwọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ náà, fọ́tò kan borí gbogbo yòókù. Ọwọ́ méjì ni, ọwọ́ obìnrin, tí ó ń fi kóńgò wọn èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Èlùbọ́ ti bo àwọn ìka náà títí dé ọrùn ọwọ́, ó wọ inú gbogbo ìlà wọn, òrùka fàdákà kan sì ń yọ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Láti ọrùn ọwọ́ sókè, kò sí nǹkan mọ́. A sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ pẹ́. A ní ó farahàn. A ní ó dán, ó sì dán lóòótọ́. Ẹnìkan ní òun rí gbogbo ìyá tí ó tọ́ ọmọ ní Ìbàdàn nínú ọwọ́ méjèèjì náà, èmi náà sì mi orí bí àgbà. Nígbà tí ìyìn tó tán ni mo bi ọ̀dọ́kùnrin tí ó yà á léèrè pé kí ni ìyá náà sọ sí i. Ó ní kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn agboòrùn ẹlẹ́ran ni òun dúró sí tí òun fi fóònù fa ọwọ́ náà súnmọ́ tòsí. Ìyá kò rí òun.

Mo ní kí a gbé fọ́tò náà lọ fún un. Àwọn kan kò fẹ́; wọ́n ní iṣẹ́ ọnà kì í ṣe ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ajé, àwa mẹ́ta lọ. Ìyá náà nu ọwọ́ sí ìró, ó gba fọ́tò, ó wò ó, ó yí i po, ó tún wò ó.

"Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ yín ni, ìyá."

"Mo mọ òrùka mi. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, bí ẹ bá gbé e dé ibi tí ẹ ń gbé e lọ, ta ni ẹ ó sọ pé ó ni ín?"

A kò fèsì.

"Ẹ gé mi lórí," ni ó wí. "Nínú ọjà, lójú ọ̀sán gangan. Ẹ kò tilẹ̀ jẹ́ kí n wẹwọ́."

Lẹ́yìn èyí ni ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà, ó bi í pé ọmọ ta ni, àti pé níbo ni ilé wọn wà. Kò pẹ́ tí ó fi hàn pé ìyá ìyá rẹ̀ àti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yìí ti jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà nígbà èwe wọn. Ẹni tí ó sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni ó bà. Ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òjò ti pa, ìyá sì ní kí ó dìde, kí ó má baà fi ẹrẹ̀ yí ṣòkòtò rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo dá ìyá náà láre lórí ohun gbogbo. Ẹ̀sùn méjì ni ó fi kàn wá. Ti àkọ́kọ́ ni pé a kò tọrọ àyè, èyí kò sì ní àwíjàre kankan. Ti èkejì, pé a gé òun lórí, ni ó tọ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí bí a bá gbà á bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ayafọ́tò tí ó lè ya apá kan nínú ara ènìyàn mọ́ láìṣẹ ìwà Yorùbá. Ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere. Ilẹ̀ Emai ni a ti bí i ní 1930, ṣùgbọ́n ìhín, ní Ìbàdàn, ni ó ti ṣe iṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn tí Ilé-Iṣẹ́ Ìròyìn ti ń fọ fọ́tò, láti 1954. Ní 1968 ni ó fún ara rẹ̀ ní orí-ọ̀rọ̀ kan: irun orí obìnrin. Kì í ṣe fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó di í mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, fọ́tò irun tí ó sì fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 2014 súnmọ́ 1,000. Nínú púpọ̀ wọn, ẹ̀yìn orí ni a ń wò. Ojú kò sí níbẹ̀. Kí ni ó dé tí n kò fi lè rò pé ó gé orí ẹnikẹ́ni?

Mo ti ro ìdáhùn rẹ̀ títí. Irun dídì, iṣẹ́ ọwọ́ ni, tí a ṣe nítorí kí a lè wò ó, ẹni tí ó ru ú sórí ni kò sì lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojeikere wá fi ohun tí ó jẹ́ ti obìnrin náà hàn án. Ó sì ní orúkọ: onílé gogoro, kòròbá. Orúkọ wọ̀nyí ni ó kọ mọ́ fọ́tò, a kò sì lè fi ọ̀kan pe èkejì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlẹ́lùbọ́, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà, kò dúró fún wíwò. A jí i wò, a sì fi "gbogbo ìyá ní Ìbàdàn" pè é, èyí tí kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. Lójú tèmi, kì í ṣe àìsí ojú ni àbùkù fọ́tò náà bí kò ṣe àìsí orúkọ. Ìyá náà rí i kí èmi tó rí i. Òun ni ó béèrè pé ta ni a ó sọ pé ó ni ín. Ọ̀sẹ̀ kan kúrú pẹ̀lú. Ẹni tí Sátidé ń lé bọ̀ yóò mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà, yóò sì máa lọ.

Ìyá ní kí ọ̀dọ́kùnrin náà padà wá ní ọjọ́ tí òun kò ní pàtẹ. Ó lọ sí ilé ìyá náà. Ìyá ti wọ aṣọ òkè, ó ti wé gèlè, ó jókòó gún régé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Fọ́tò yìí ni a tún gbé ka orí tábìlì lábẹ́ orí-ọ̀rọ̀ kan náà, "Ọwọ́," orúkọ ìyá sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́jọ nínú wa ní ti àkọ́kọ́ dára jù ú lọ. Wọ́n ní èyí kò yàtọ̀ sí fọ́tò ara ògiri, pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, pé òdòdó ara kọ́tìnì tí ó wà lẹ́yìn ìyá ń bá a du ojú wa. Ti ìmọ́lẹ̀ àti ti kọ́tìnì, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n wo ọwọ́ náà. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún sanra ju ti òsì lọ, oríkèé rẹ̀ sì ti wọ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí etí kóńgò ti ń jókòó sí láti ọdún gbọ́nhan. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí a yìn tó bẹ́ẹ̀, èlùbọ́ ti bò ó. Ọwọ́ náà ìbá jẹ́ ti ẹnikẹ́ni. Èyí nìkan ni ó jọ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn mẹ́jọ náà tún wò ó. Méjì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Mẹ́fà kò yí i.

Fọ́tò kejì ti wà lára ògiri ìsọ̀ rẹ̀ ní Ọjà'ba báyìí, ẹni tí ó bá ń lọ lè yà wò ó. Ti àkọ́kọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò tíì mọ ohun tí òun yóò fi ṣe. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó bi wá pé kí ni a ó yà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. A ní a kò tíì dá a. Ó ní kí a lọ ya àwọn alábàárù, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi wọ́n ní orúkọ. Ní Sátidé tí ó kọjá, fọ́tò mẹ́ta péré ni ó dé orí tábìlì. Àwọn mẹ́jọ yòókù ní àwọn bi wọ́n, wọn kò gbà.